Máàkì Márùn-ún fún Géèmù Bésíbọ́ọ̀lù

Longsight, Manchester
Ọjọ́ Sátidé

Ìbùkún mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ilé. Ara èmi àti mọ́mì rẹ le, a dúpẹ́. Mọ́mì rẹ wà níbi iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, èmi ò sì wa bọ́ọ̀sì lónìí, nítorí náà èmi nìkan ni mo jókòó ti tábìlì tí a ti ń jẹun, pẹ̀lú bíró àti ìwé. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, kí n tó dé ìdajì rẹ̀ o máa ní, "Okay Dádì, mo ti gbọ́." Ìwé kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu.

Ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, o máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣe ríviù géèmù. Odindi ọdún méjì lo fi ń kọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí o sì ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù bàtà ní Stretford láàárín ọ̀sẹ̀. Ní báyìí wọ́n ti ní kí o wá di òṣìṣẹ́ wọn gan-an, o sì ti kó lọ sí Swinton, sínú yàrá tìrẹ. Inú mi dùn. Mo mọ̀ pé mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síwájú gbogbo nǹkan.

Àṣìṣe mi kan wà tí mo ní láti mú kúrò nílẹ̀ ná. Lọ́dún tó kọjá, pásítọ̀ wa bi mí pé iṣẹ́ kí ni o ń ṣe. Mo ní, "Ó wà nídìí kọ̀ǹpútà, sà." Ó ní, "Ah, IT!" Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú ń tì mí láti sọ pé ọmọ mi máa ń gbá géèmù, tó bá gbá a tán á sọ bó ṣe dáa tó. Dárí jì mí. Ẹni tó jókòó ti nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́rin, tó ń kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà á má bàa kábàámọ̀, iṣẹ́ ni onítọ̀hún ń ṣe. Lẹ́yìn Bible study ní Wẹ́sìdeè, mo padà lọ bá pásítọ̀, mo ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún un bó ṣe jẹ́. Ó ní ṣé o lè bá òun wo èyí tí àwọn ọmọ òun ń gbá, kò yé òun.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ mú bíró nìyí: mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ tí mo bá ọ sọ lọ́jọ́ Sunday jẹ. Jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè rí i bí èmi náà ṣe rí i.

Nígbà tí wọ́n fi géèmù bésíbọ́ọ̀lù yẹn ránṣẹ́ sí ọ, ọ̀dọ̀ wa lo ṣì ń gbé. Nínú ilé yìí kò sí ẹni tó mọ bésíbọ́ọ̀lù. Ohun tí èmi mọ̀ kò ju pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan, wọ́n á sì máa sáré yípo. Ìwọ lo ṣàlàyé fún mi pé géèmù náà ní láísẹ́ǹsì, pé àwọn tó ṣe é ti gba àṣẹ, ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn ẹgbẹ́, aṣọ wọn, pápá wọn, àní ojú àwọn tó ń gbá a pàápàá fi jẹ́ ti gidi. Èyí tí kò bá ní àṣẹ, orúkọ tí kò sí níbì kankan ni wọ́n máa fún àwọn ẹgbẹ́ inú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin lo fi gbá a ní pálọ̀. Ní ọjọ́ kejì, o gbé páàdì kan fún mi. Mo tàsé, mo tàsé, títí mo fi gbá ọ̀kan tó fò kọjá ògiri pápá. Àwọn èrò inú tẹlifíṣọ̀n dìde, èmi náà dìde. Mọ́mì rẹ ní, "Bàbá Ìbùkún, ẹ jókòó, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."

Ọjọ́ kẹta ni nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀. O ti kọ́ mi pé ẹni tó mú igi, tó bá ti fì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò bá bọ́ọ̀lù, ó ti jáde nìyẹn, kó lọ jókòó. Ọ̀kan tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀ láti gbá a mú. Ẹni tó tàsé bá ju igi sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó dé ibi ìdúró àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí wọ́n ń sáré yípo, adájọ́ ò sì sọ nǹkan kan.

"Ha! Ẹni tó ti jáde! Kí ló ń sá lọ?" Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo, ṣé o rántí? "Géèmù yìí ti ya wèrè. Kọ ọ́ sílẹ̀!"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "It's a bug, Dádì." O sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé géèmù náà ní àbùkù.

A ò bi ẹnì kankan.

Nígbà tí ríviù rẹ jáde, mo kà á lórí fóònù mi níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì tí mo máa gbà lọ́wọ́ dírébà kejì. O yìn ín fún bí ìró igi ṣe dùn létí àti bí iná pápá ṣe rẹwà. O ní kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tuntun nínú rẹ̀ ju tọdún tó kọjá lọ, pé àwọn méjì tó ń ròyìn eré ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, pé ojú kan náà ni wọ́n fún ogunlọ́gọ̀ èrò. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, mo rí i fúnra mi. Lẹ́yìn náà lo wá kọ pé géèmù yìí ra àṣẹ bésíbọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò mọ òfin bésíbọ́ọ̀lù. Márùn-ún nínú mẹ́wàá lo fún un. Mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án ni àwọn aláríviù yòókù fún un.

Gbólóhùn yẹn ló gbòde. Ọ̀gá rẹ ní ìkànnì náà gbé e sókè ríviù, ó fi í ṣe àkọlé. Àwọn ènìyàn ń pín in kiri. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pè ọ́ pé kí o wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Èébú náà dé. Mo ka àwọn kan. Ọ̀kan ní kí ni ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Manchester mọ̀ nípa bésíbọ́ọ̀lù. Lójú mi, o ṣe bí ẹni tí kò ká lára. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ nígbà tí o ń sọ fún mọ́mì rẹ ní kíṣìnì pé o ò fẹ́ ṣí fóònù rẹ mọ́.

Nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan wá kọ lẹ́tà sí ọ nípa ríviù náà, lẹ́tà tirẹ̀ dùn ọ́ ju èébú lọ, nítorí kò bú ọ. Lẹ́yìn tí a jẹun tán lọ́jọ́ Sunday, o kà á sí mi létí. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òun gbá bésíbọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kékeré kan ní Stretford. Ó ní òun gbádùn ríviù rẹ, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí o ti ṣì í: bí bọ́ọ̀lù kẹta bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó gbá a mú, tí kò sì sí ẹnìkejì rẹ̀ ní ibi ìdúró àkọ́kọ́, òfin gba ẹni tó tàsé láyè láti sáré. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí òun. Géèmù yẹn mọ òfin. Àwa la ò mọ̀ ọ́n.

O gbé fóònù sílẹ̀. O ní o ti fi han ọ̀gá rẹ, ó ní kí o fi í sílẹ̀, pé tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì kò sí ẹni tó máa rántí. O wá bi mí pé, "Dádì, tí ẹ bá jẹ́ èmi, kí lẹ máa ṣe?"

Oorun ti ń kùn mí. Mo ní, "Ta ló máa rántí? Ọ̀gá rẹ ti sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà ọ́ wọlé ná." O ní, "Okay, sà." O kó àwo lọ sí kíṣìnì. Mọ́mì rẹ wò mí, ó dìde, ó tẹ̀ lé ọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kó jẹ nìyẹn. Láti Mọ́ńdè tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá ti wa bọ́ọ̀sì dé ibi tí iná dá wa dúró, ọmọbìnrin kan tí mi ò tíì sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ rí máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mọ́mì rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Kí n tó wá sí ìlú yìí, tíṣà ni mí. Ìyẹn o mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí wọ́n fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lójoojúmọ́, mo sì rò pé kò sí ọgbọ́n tí ọmọ iléèwé lè dá tí ojú mi ò ní tó o. Mo ní kí kíláàsì mi kọ àròkọ nípa ọjọ́ tí òjò pa wọ́n lọ́nà. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ṣadé, tí kì í sọ̀rọ̀, tí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ṣá. Ìwé tó kọ dùn débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣí gèlè lórí láti fi bo ìwé òun kó má bàa tutù. Mi ò rí ọmọ kíláàsì yẹn tó kọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo bá mú bíró pupa, mo kọ "Àdàkọ" sórí rẹ̀, mo fún un ní òdo.

Mi ò mọ síbẹ̀. Mo pè é jáde níwájú gbogbo kíláàsì.

"Ta ló bá ọ kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Irọ́ ni."

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà."

Mo ní kó lọ jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé yàrá àwọn tíṣà, mo fi ṣe ìtàn, mo ní mo mú ọmọ kan tó jí àròkọ kọ. Wọ́n yìn mí. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi nínú.

Nígbà tí a ń ṣe ìdánwò, èmi ni mo ń ṣọ́ wọn. Mo dé ẹ̀yìn Ṣadé, mo dúró. Ó ń kọ, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Kò sí ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń sọ fún un. Ohun tó ń kọ sílẹ̀ dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo kúrò níbẹ̀ bí ẹni pé èmi ni wọ́n mú.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kíláàsì tí mo ti pè é ní olè, ibẹ̀ náà ló yẹ kí n ti sọ pé mo ṣì í. Mo ronú nípa àwọn tíṣà tí mo ti bá rẹ́rìn-ín. Mo ronú pé àwọn ọmọ kíláàsì ò ní bẹ̀rù mi mọ́. Mo wá fún un ní máàkì tó ga jù lọ nínú ìdánwò náà, mo sì sọ fún ara mi pé a ti parí ọ̀rọ̀. Kò parí. Gbangba ni mo ti fi í ṣe ẹlẹ́yà, kọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀ ẹ́. Láti sáà tó tẹ̀ lé e, tí mo bá ní kí wọ́n kọ àròkọ, Ṣadé á kọ ìlàjì ojú ìwé, gbólóhùn kúkúrú kúkúrú, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tún mú òun.

Nígbà tí físà mi jáde, tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí n wá síbí, mo wá ilé wọn lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà. Ìyá rẹ̀ ló jáde sí mi. Mo sọ orúkọ mi.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni tíṣà yẹn?"

Mo ní èmi ni. Mo béèrè Ṣadé, ó ní ó ti lọ sí Èkó, ibi tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni òun ò mọ̀ dájú. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ṣe. Ìyá náà ò ní kí n dìde, kò sì bú mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó wọlé, ó gbé omi wá fún mi. Ó ní, "Màá sọ fún un tó bá wá." Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó sọ ọ́.

Ọmọ mi, ohun tí mo gbé láti ibẹ̀ wá nìyí, o lè máa kà á bí mo ṣe ń tò ó.

Ibi tí o ti ṣe àṣìṣe ni kí o ti tún un ṣe. Bó bá jẹ́ lójú ogunlọ́gọ̀ lo ti sọ ọ́, máa lọ síwájú ogunlọ́gọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. A ò lè tò ó padà, ṣùgbọ́n ẹni tó jù ú sílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó gbá a kúrò lọ́nà kí ẹlòmíràn má bàa yọ̀ ṣubú. Àwọn tó ṣe géèmù yẹn, ènìyàn ni wọ́n. Ẹnì kan nínú wọn jókòó, ó rántí òfin kékeré tí púpọ̀ nínú wa ò mọ̀, ó ṣe é dáadáa, o sì kọ̀wé fún gbogbo ayé pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Onítọ̀hún ni Ṣadé tìrẹ.

Má ṣe jẹ́ kí ìtìjú sọ ọ́ di èké lápá kejì. Nígbà tí mo fún Ṣadé ní máàkì tó ga jù, mi ò tiẹ̀ ka ìdánwò rẹ̀ dé ìparí, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi máàkì ṣe. Bí o bá tún ríviù rẹ ṣe, ohun tó ṣì jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń ròyìn eré yẹn ń tún ọ̀rọ̀ sọ. Mo jókòó tì ọ́, mo gbọ́ wọn títí ó fi sú mi. Má torí pé àwọn kan bú ọ kí o wá fún un ní mẹ́sàn-án. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Síbẹ̀ òtítọ́ ni kí o máa gbé lọ sọ́jà.

Ohun tí o ò bá mọ̀, béèrè. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìwọ àti èmi jókòó sí pálọ̀, ọ̀gbẹ̀rì méjì, a ń dá ẹjọ́ fún eré tí àwọn kan ti ń gbá láti ìgbà bàbá bàbá wọn. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ Nàìjíríà ṣe ríviù bésíbọ́ọ̀lù. Bí ojú àjèjì bá rí nǹkan tí ojú onílé ò rí mọ́, iṣẹ́ ló ṣe yẹn. Ohun tó burú ni pé a rí nǹkan tó rú wa lójú, a sì rò pé òun ló ya wèrè.

Èyí tó kù dá lórí mọ́tò, mọ́mì rẹ á sì rẹ́rìn-ín tó bá gbọ́ pé mo kọ ọ́. Ní ọdún kejì tí mo dé Manchester, Bùrọ́dà Káyọ̀dé nínú ìjọ wa bi mí nípa mọ́tò kan tí ẹnì kan fẹ́ tà. Ọmọ yunifásítì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì rò pé mo mọ ìlú. Mi ò wa irú mọ́tò yẹn rí. Ṣùgbọ́n ó pè mí ní "ẹ̀gbọ́n," ó dúró, ó ń wo ẹnu mi, mi ò sì lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo ní, "Ah, mọ́tò tó dáa gan-an ni. Rà á." Ní Sunday kejì, mọ́tò náà kú sí àárín Stockport Road, òun àti ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀sì mẹ́ta lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń fọn fèrè. Káyọ̀dé ò bá mi jà. Ó kàn dẹ́kun bíbi mí ní nǹkan. Àwọn tó ń ka ríviù rẹ, Káyọ̀dé ni wọ́n. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ẹnu rẹ. Ìwọ náà sì ti mọ ohun tí ẹnu lè ṣe.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kí Mọ́ńdè tó dé ni pé

Mo ti kọ ọ́ dé ibẹ̀ yẹn gan-an nígbà tí fóònù dún. Ìwọ ni. Màá kọ ohun tí a sọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o wà níbẹ̀, kí o lè mọ bó ṣe dún létí mi.

"Dádì, ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé kò sí?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Kí lo ṣe?"

"Ẹ ní kí n fi review yẹn sílẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀. I changed it on Wednesday."

Mo ní, "Kí lo wí?" O rò pé inú ló ń bí mi, o bá ń yára ṣàlàyé. O ní o ti kọ̀wé sí bàbá àgbàlagbà yẹn, o ní kó ṣàlàyé òfin náà fún ọ dáadáa, o sì wo eré gidi méjì kí o tó gbà. O ní o kọ ọ́ sókè ríviù, lórúkọ ara rẹ, pé o ṣì í, pé òfin ni, àbùkù kọ́. O yọ gbólóhùn tó gbòde yẹn kúrò. Máàkì rẹ̀ di mẹ́fà.

Mo ní, "Ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

O ní, "He wasn't happy." Ó bi ọ́ bóyá o mọ iye èèyàn tí àkọlé yẹn kó wá bá wọn. O rò pé ó máa gba iṣẹ́ náà padà. Kò gbà á padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di probation, pé kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta dán ọ wò ná, ẹlòmíràn ni yóò sì máa ka gbogbo ohun tí o bá kọ kó tó jáde. Àwọn tó ń bú ọ ń yọ̀, wọ́n ní ṣebí àwọn sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbàlagbà nìkan ló kọ̀wé padà pé o ṣeun, àti pé ní tòun, mẹ́fà ṣì kéré.

Kíákíá lo sọ ti probation kọjá. Mo gbọ́ ọ.

Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò sọ fún mi láti Wẹ́sìdeè. O ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n fi í sílẹ̀, Dádì. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mi ò respect yín."

Lẹ́tà yìí wà níwájú mi, bíró ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n kà á sí ọ létí nígbà yẹn. Ẹnu mi ò gbé e. Mo ní kò burú, mo ní o ṣeun, mo ní ṣé o ti jẹun. O ní o ti jẹ indomie. Mo ní kí o se oúnjẹ gidi, o sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, o ní ó dàbọ̀.

Lẹ́yìn tí fóònù kú, mo fẹ́ ya ìwé yìí. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Ìmọ̀ràn tí mo ń gbé bọ̀ láti Ìjẹ̀bú, o ti ṣe é kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún mo mọ ohun tó tọ́, mi ò lè ṣe é. Ìwọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Iṣẹ́ rẹ wà lórí rẹ̀, ọ̀gá rẹ ní kí o má ṣe é, bàbá rẹ ní kí o má ṣe é, o sì ṣe é. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn. Òní ni mo gbọ́ ọ fúnra mi.

Mi ò ya á. Mo fẹ́ kí o rí i bó ṣe rí, pẹ̀lú gbólóhùn tí mi ò parí.

Nǹkan díẹ̀ ló kù, nípa oṣù mẹ́ta yẹn. Ẹni tó máa ka iṣẹ́ rẹ kó tó jáde, má ṣe kà á sí ọlọ́pàá. Bí ẹnì kan bá ti ka ìwé lẹ́yìn mi ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni, Ṣadé ì bá má ti gba òdo. Máa dé ibi iṣẹ́ ṣáájú àsìkò. Láti Swinton wọ àárín ìlú, bọ́ọ̀sì àárọ̀ máa ń kún, èmi tí mò ń wa á ni mò ń sọ fún ọ. Bí wọ́n bá tún sọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn lójú rẹ, má ṣàlàyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, o ṣì í, o ti tún un ṣe, kí o sì gbé géèmù tó kàn. Má sì jẹ́ kí ẹ̀rù àti kọ̀wé wá bá ọ. Ìyẹn ni mo bẹ̀rù jù lọ. Tí o bá rí i pé o ti ń kọ gbólóhùn kúkúrú kúkúrú láti sá fún àríyànjiyàn, pè mí.

Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí wọ́n sì ní kí o máa lọ, yàrá rẹ wà níbí, mọ́mì rẹ ò tíì jẹ́ kí n gbé nǹkan kan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tó fún ọ ní ojú tó ń rí nǹkan fún ọ ní ọ̀gá tó mọ rírì rẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n. Kí òótọ́ tí o bá sọ má lé oúnjẹ kúrò lẹ́nu rẹ. Kí àwọn tó ń bú ọ wá di àwọn tó ń dúró de ohun tí o máa kọ. Àmín.

Ọ̀rọ̀ mi ìkẹyìn rèé, Àbẹ̀kẹ́, fi í sọ́kàn ju gbogbo èyí tí mo ti kọ lọ. "Ẹ" tí o ń fi bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ ni, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni o fi gbé ohun tó dáa tí o ṣe pa mọ́, nítorí pé mo ti gbà ọ́ ní ìmọ̀ràn tí kò dáa. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí mo bá tún ṣì ọ́ lọ́nà, wò mí lójú kí o sọ fún mi pé, "Dádì, ẹ ṣì í." Mi ò ní bínú. Bí mo bá tiẹ̀ bínú, bá mi jókòó títí yóò fi lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.